Lẹ́tà Tí Ọba Kọ sí Làtíìfù

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá ní orí ń fọ́ yín níwájú Làtíìfù, á ní tòun ti fọ́ sí méjì rí. Gbogbo Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń wá ipò alága ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí wọn, kò sì rí i gbà. Ó ń dùn ún wọ egungun. Ló bá lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù, ni wọ́n bá fi ilé aláràbarà kan hàn án láàárín ìlú, wọ́n ní ààfin ni.

Ọmọ Yorùbá kì í wọ bàtà wọ ààfin! Làtíìfù bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà. Bó ṣe wọlé, ó rí bàbá kan tó wọ ẹ̀wù pupa, tó fi ẹ̀wọ̀n wúrà sọ́rùn. Gbìì! Ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kábíyèsí o!"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ìwé àlejò fún un. Làtíìfù kọ orúkọ àti àdírẹ́sì sí i, ó fi "Chief" ṣáájú. Nígbà tó jáde, kò bá bàtà níbẹ̀ mọ́. Ìbọ̀sẹ̀ ló fi rìn délé, ó ní aláìní kan lòun fi bàtà ta lọ́rẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé sí Peckham, òǹtẹ̀ adé wà lórí rẹ̀. Làtíìfù kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, ó sáà gbé e sínú férémù. Lọ́jọ́ ìdìbò, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó gbé e sókè níwájú gbogbo ẹgbẹ́.

"Ọba ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́! Ó ní kí n wá jẹ oyè!"

Alhaja Mìsítúrà, tó ń darí ìdìbò, ní, "Ta ló lè kà á fún wa?"

"Alhaja, ẹ má wulẹ̀ dààmú. Èdè ààfin ni, ó jinlẹ̀."

Hameedah, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Kennington, nawọ́. "Mo lè kà á, Ma. Bẹ́ljíọ̀mù ni mo ti lọ school."

Làtíìfù di férémù mú gírígírí, àmọ́ Hameedah gbà á, ó wo òǹtẹ̀ àti àdírẹ́sì tó wà lórí rẹ̀.

"Uncle, kì í ṣe ààfin mọ́ o. Ìjòyè ńlá kan ló kọ́ ọ ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó jẹ oyè kẹ́yìn nínú ìdílé wọn kò bímọ, ìlú bá sọ ọ́ di town hall. Council ni! Ibẹ̀ ni mummy mi ti ń gba bin bag."

"Ọba ẹlẹ́wọ̀n wúrà ńkọ́?"

"Security ni, Uncle. Wọ́n máa ń wọṣọ àtijọ́ fún àwọn tourist."

"Lẹ́tà ńkọ́?" Alhaja ló béèrè, Làtíìfù kò fẹ́ mọ̀ mọ́.

Hameedah ka lẹ́tà náà: "'Chief, camera fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni bàtà dúdú tó wà ní lost property. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wá gbé e. Òórùn rẹ̀ ti lé òṣìṣẹ́ méjì kúrò ní ọ́fíìsì.'"

Ẹ̀rín bú sílẹ̀! Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Ti Làtíìfù kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ ló fi ń sáré.

Wọ́n dìbò, Waris tó ń bá a du ipò náà ló di alága. Làtíìfù káwọ́ lérí, àánú rẹ̀ wá ṣe Alhaja.

"Làtíìfù, má sunkún. Ipò kan ṣì kù tó tọ́ sí ẹ."

Ojú Làtíìfù tàn yòò. "Ẹ ṣé gan-an, Alhaja! Ipò wo ni?"

"Ẹni tí yóò máa ṣọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí."