Ta Ló Máa Sọ Fún Balógun?

Ọ̀sán Sátidé ni, nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan. Gbogbo àdúgbò ń pe káfíńtà yìí ní Balógun, torí òun ni olórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn. Ó ń fi sáńpépà ha ojú tábìlì, ó ti wọ ṣòkòtò bọ́ọ̀lù sábẹ́ aṣọ iṣẹ́, ó sì ti so ọ̀já balógun mọ́ apá, bẹ́ẹ̀ eré ṣì ku wákàtí méjì. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló rán an pé kó lọ gba ọ̀já náà wá, torí wọ́n ti yan balógun mìíràn. Iṣẹ́ burúkú ni wọ́n rán ọmọ ọlọ́mọ.

BALÓGUN: Àna mi, wọlé. Má jókòó sórí àga yẹn, gúlù ìdí rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ṣé àlàáfíà lo bá wá?

ÀNA: (Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì pẹ́ nílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.) Àlàáfíà ni, Bọ̀dá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní kí n kí yín.

BALÓGUN: Wọ́n ṣeun. Dìde, àbí o fẹ́ sùn síbẹ̀ ni?

ÀNA: Wọ́n tún ní kí n... Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rò pé ó yẹ kéèyàn ní kó tó lè ṣe balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù?

(Balógun gbé sáńpépà kalẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí kí ẹnì kan bi òun ní ìbéèrè yìí.)

BALÓGUN: O káre. Ọmọ tó bá fẹ́ gbọ́n ló ń béèrè. Èkíní, etí. Balógun tí kò bá létí, ẹgbẹ́ ẹ̀ ò lórí. Ó gbọ́dọ̀ máa fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀, kó má...

ÀNA: Ẹ ṣé, Bọ̀dá, torí ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu mi báyìí ni pé...

BALÓGUN: Má já lu ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ etí ni mò ń sọ.

ÀNA: Ẹ má bínú.

BALÓGUN: Èmi kì í bínú. Èkejì gan-an nìyẹn: sùúrù. Bí rẹfirí bá tiẹ̀ fọ́jú, ẹ̀rín ni balógun máa rín sí i.

ÀNA: Ti oṣù tó kọjá ńkọ́, tí rẹfirí lé yín jáde níbi tó ti ń ju owó ẹyọ sókè wò kó lè mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ gbá, tí ẹnikẹ́ni ò tíì fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù?

BALÓGUN: (Ó fi òòlù gbá orí tábìlì.) Ta ló bínú? Ṣé èmi ni mo bínú? Ẹ̀yìn owó ló hàn, ó ní iwájú ni. Ṣé kí n wá máa wò ó bí ère?

ÀNA: Ẹ rẹ́rìn-ín, Bọ̀dá.

(Balógun rẹ́rìn-ín. Ìbínú sàn ju ẹ̀rín náà lọ.)

ÀNA: Ẹ ṣé. Bọ̀dá, àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀, á di odindi. Ẹnì kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ti pẹ́ nípò. A fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti níbẹ̀rẹ̀...

BALÓGUN: Ó gbọ́dọ̀ lópin. Má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti di odindi nínú mi. Gólì ni.

ÀNA: Kì í ṣe gólì o.

BALÓGUN: Má gbèjà ẹ̀. Èmi náà ti rí i pé ọwọ́ ẹ̀ ti ń dẹ̀. Bọ́ọ̀lù á máa bọ̀, òun á máa wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò tí ò mọ̀ rí.

ÀNA: Bọ̀dá, ẹni tí mò ń sọ ju gólì lọ lọ́jọ́ orí.

BALÓGUN: Kóòṣì. Háà, ẹ fẹ́ lé kóòṣì.

ÀNA: A ò lé kóòṣì. Kóòṣì gan-an ló pe ìpàdé ọ̀hún.

BALÓGUN: Ìpàdé wo?

ÀNA: (Ó wolẹ̀.) Ìpàdé kékeré kan ni.

BALÓGUN: Ẹ ṣèpàdé, balógun ò sì sí níbẹ̀?

ÀNA: A ò kúkú fẹ́ yọ yín lẹ́nu.

BALÓGUN: Ohun tí mo fi fẹ́ràn yín nìyẹn. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. (Ó tún mú sáńpépà.) Ẹ̀kẹta, ẹnu. Ó yẹ kí balógun lè fi ọ̀rọ̀ gbé àwọn èèyàn ẹ̀ dìde.

ÀNA: Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wa sọ̀rọ̀ ní ààbọ̀ eré?

BALÓGUN: Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn wọra.

ÀNA: Ó wọra. A di ara wa lápá, a tẹrí ba, ẹ̀ ń sọ ọ́ lọ. Rẹfirí fọn fèrè, a ò gbọ́. A ṣì tẹrí ba nígbà tí wọ́n gbá a wọ àwọ̀n wa.

BALÓGUN: Mo ti fẹ́ parí ẹ̀ nígbà yẹn. Ó ku àdúrà.

(Àna nu òógùn ojú. Adìẹ ti bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.)

ÀNA: Ẹ jẹ́ ká sọ ti pẹ́nárítì.

BALÓGUN: Pẹ́nárítì wo?

ÀNA: Èyí tí wọ́n fún wa lọ́jọ́ tá a bá ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ gbá. Ọ̀mì la wà, eré ti fẹ́ parí. Wọ́n ti gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ fún mi. Mo ti fà sẹ́yìn, mo ti ń sáré bọ̀...

BALÓGUN: Ojú ibi tí wọ́n gbé e sí ò tọ́. Mo kàn wò ó, mo mọ̀.

ÀNA: Ẹ ní kí n dúró. Ẹ fa téèpù yọ lápò.

BALÓGUN: Káfíńtà wo ló ń rìn láìsí téèpù? Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, gé e lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn.

ÀNA: Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

BALÓGUN: Ti àkọ́kọ́ ò bá ti èkejì mu. Mo wá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Mo sì jàre. Wọ́n fi ìka mẹ́rin gbé e jìn jù.

ÀNA: Ẹ jàre lóòótọ́. Nígbà tẹ́ ẹ fi máa gbórí sókè, rẹfirí ti fọn fèrè ìparí, ó ti ń wá kẹ̀kẹ́ ẹ̀. Gólì àwọn télọ̀ ló bá yín di ìdí téèpù mú, Bọ̀dá. Ó ń rẹ́rìn-ín.

BALÓGUN: Ọmọ dáadáa ni. Kò jẹ́ kó mì rárá.

(Àna rí i pé ọ̀nà yìí ò gba ibì kankan. Ó sún mọ́ Balógun, ó na ọwọ́ sí apá rẹ̀.)

ÀNA: Ọ̀já yín yìí ti dọ̀tí. Ẹ bọ́ ọ kí n bá yín fọ̀ ọ́.

BALÓGUN: Ẹ̀gbọ́n ẹ fọ̀ ọ́ lánàá.

ÀNA: Ẹ jẹ́ kí n kúkú bá yín mú un lọ sí pápá.

BALÓGUN: Ṣé apá mi ò ní lọ sí pápá ni? Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ọ̀já yìí ti di ara mi. Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù: òótọ́. Balógun gbọ́dọ̀ lè wo ẹnikẹ́ni lójú, kó sọ òótọ́ fún un. Kò gbọ́dọ̀ máa lọ́ tìkọ̀ bíi ti ẹnì kan tí mò ń wò níwájú mi yìí. Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an?

ÀNA: (Ó di ojú rẹ̀ méjèèjì.) Bọ̀dá, wọn ò fẹ́ yín ní balógun mọ́. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá so ọ̀já yẹn wá sí pápá lónìí, àwọn ò ní wọlé gbá.

(Balógun ń ha tábìlì lọ, ibi tó ti dán tẹ́lẹ̀ ló sì ń ha.)

BALÓGUN: Ta ló rán ẹ?

ÀNA: Gbogbo wọn.

BALÓGUN: Kí ló dé tó jẹ́ ìwọ?

ÀNA: Wọ́n ní ẹ ò lè sọ òkò òòlù lu àna yín.

BALÓGUN: (Ó wo òòlù, ó wo àna rẹ̀.) Òótọ́ ni. Ojú ẹ̀gbọ́n ẹ ò ní jẹ́ kí n lè ṣe é. (Ó jókòó, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀.) Ó dùn mí o. Èmi ni mo ra bọ́ọ̀lù tá a kọ́kọ́ gbá. Òpó gọ́ọ̀lù méjèèjì, ọwọ́ mi yìí ló gbẹ́ ẹ.

ÀNA: A mọ̀, Bọ̀dá. Ó dun gbogbo wa. Gólì sunkún níbi ìpàdé.

BALÓGUN: Gólì náà? Mo sì ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ láìdáa. (Ó mí kanlẹ̀.) Ta lẹ wá yàn?

ÀNA: (Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.) Èmi ni.

BALÓGUN: Ìwọ? Ìwọ tó o ti wọlé látẹ̀ẹ̀kan tó ò lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀?

ÀNA: Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ yàn mí nìyẹn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti sú àwọn.

(Balógun fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde, èyí tó dénú sì ni. Ó tú ọ̀já náà. Ó wọn apá àna rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó so ó mọ́ ọn.)

BALÓGUN: Ó bá ẹ mu. Ó dáa, ìwọ ni balógun, èmi di ọmọ ẹgbẹ́. Pàṣẹ àkọ́kọ́ fún mi.

ÀNA: Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, tí kò bá ní bí yín nínú...

BALÓGUN: Balógun kì í bẹ̀bẹ̀. Wò mí lójú. Sọ ọ́.

ÀNA: (Ó wò ó lójú.) Ẹ ò ní gbá lónìí. Ẹ máa jókòó sórí bẹ́ńṣì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń dúró de ààyè.

BALÓGUN: Bẹ́ńṣì wo?

ÀNA: Èyí tẹ́ ẹ kàn fún ẹgbẹ́.

(Balógun fò dìde. Ó mú òòlù, ó bu ìṣó sápò, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Àna sá bọ́ sẹ́yìn tábìlì.)

ÀNA: Bọ̀dá, níbo lẹ̀ ń mú òòlù lọ? Ẹ rántí pé àna yín ni mí.

BALÓGUN: Pápá ni mò ń lọ, kí èrò tó pé. Ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì yẹn kan kúrú, ìṣó sì yọrí lójú ẹ̀. Ká ní mo mọ̀ pé èmi náà máa jókòó lé e lọ́jọ́ kan ni, ǹ bá ti kàn án dáadáa.