Tíṣà Fágbohùn Gbé Góòlù Lọ Sọ́jà

Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa sọ pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń gbé e kiri lẹ́nu ni.

Tíṣà Fágbohùn ti Òkè-Ọsàn ló fà á. Òyìnbó ará Skọ́tilándì kan tó kọ́ ọ níwèé ló kó àrùn ìtàn bọ́ọ̀lù ràn án, àrùn náà kò sì gbóògùn. Bó bá ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, bọ́ọ̀lù ni yóò fi parí rẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, òun náà ló ń sọ ìtàn bọ́ọ̀lù lórí rédíò ìlú. Ìyàwó rẹ̀ ní ó mọ ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù ju ti àwọn ọmọ tó bí lọ.

Gbogbo Òkè-Ọsàn ló sì mọ góòlù Lámídì Ẹsẹ̀-Àrá, èyí tí wọ́n fi na Ìdí-Ògbún láyé àtijọ́. Wọ́n ní láti ẹnu ilé góòlù tiwọn ni Lámídì ti gbá bọ́ọ̀lù, ó fò kọjá lórí gbogbo wọn, ó ya àwọ̀n, ó lọ lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ìlú fẹ́ mọ ère rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọjà, Tíṣà ní òun á kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu Lámídì fúnra rẹ̀.

"Tíṣà, ọsàn ni mò ń mu lọ́jọ́ náà," Bàbá Lámídì dáhùn lórí ẹní. "Agbọ́n ló ta aṣọ́lé wọn. Ó ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, ó wọlé. Kí n tó tu kóró ọsàn, wọ́n ti gbé mi sọ́rùn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ, Bàbá?"

"Mo sọ. Wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ mi ti pọ̀ jù."

Aṣọ́lé Ìdí-Ògbún náà jẹ́rìí sí i. Ó ní títí dòní, bí eṣinṣin bá kùn, abẹ́ àga lòun ń sá sí.

Ni Tíṣà bá sọ ọ́ lórí rédíò. Kó tó parí, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà ilé rédíò. Ẹni tí wọn ò tíì bí lọ́jọ́ náà ló ń pariwo jù pé ìṣojú òun ni.

Ọ̀gá rédíò, Ìyáàfin Ọdẹ́yalé, pè é. "Tíṣà, ẹ gbé e lọ sọ́jà lọ́la. Bí ẹ bá rí ẹyọ ẹnì kan tó gbà yín gbọ́, ètò yín ń lọ. Bí ẹ ò bá rí, ẹlòmíì ni màá gbé ètò náà fún."

"Ẹnì kan? Kékeré nìyẹn."

Ọkùnrin yìí, bó bá fẹ́ forí la ògiri kọjá, ògiri ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀.

Ó yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó dúró sáàárín ọjà. Orí tó burú gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ́dè tó ń ta agbo jẹ̀dí.

"Agbọ́n ló ta aṣọ́lé," Tíṣà ń kéde.

Obìnrin kan dúró. Inú Tíṣà dùn. "Ẹ gbà mí gbọ́, Ìyá?"

"Rárá o. Mo rò pé oògùn agbọ́n lẹ̀ ń tà ni."

Bọ́dè ti gbọ́. "Ẹ máa bọ̀ níbí. Agbo tí Lámídì mu rèé, tó fi gbá bọ́ọ̀lù lu agogo."

Èrò ya lọ bá a. Tíṣà kò bá a jà. Ó gun ọ̀kadà, ó lọ gbé Bàbá Lámídì wá.

"Ọsàn ni mò ń mu," arúgbó náà sọ.

"Ẹ gbọ́ o," ni Bọ́dè wí, "ọsàn ló fi lé agbo mi."

Kíá, wọ́n tún ti gbé Lámídì sọ́rùn. Agbo ń tà, ọsàn ń tà.

Tíṣà kò kúrò. Ó kéde títí ohùn rẹ̀ fi há pátápátá. Nígbà tí ọjà ń tú, ìgò kan ló kù nílẹ̀ Bọ́dè.

"Tíṣà wa, èyí ń la ohùn."

Tíṣà fọwọ́ ṣàpèjúwe pé òun á san án tí oṣù bá parí.

"Kò sí àwìn níbí, sà. Owó lọ́wọ́."

Tíṣà ronú sí ohun tó kù tó fẹ́ sọ. Ó fa owó yọ, ó gbé agbo mu, ó runjú. Àfi bí Ìyáàfin Ọdẹ́yalé ṣe yọ.

"Ṣé a rẹ́ni gba ọ̀rọ̀ gbọ́?"

Bọ́dè gbé ìgò òfìfo sókè. "A rí i, mà. Tíṣà gba tèmi gbọ́."

Ní Sátidé, Bọ́dè ló wà lórí rédíò. Ohun tó wá dun Tíṣà jù ni pé ohùn rẹ̀ là lóòótọ́. Ó ti ń fi ohùn náà wá ẹni tó máa gbà á gbọ́ kiri, ó ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, òun á tún lọ. Ẹ jẹ́ ó máa lọ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké, olóòótọ́ gan-an ò rí i rà láwìn.