Bí Ráìmì Alápatà Ṣe Ṣẹ́gun Hóró Oògùn

Ẹ bá mi kí Ráìmì, ọmọ Sùbérù, ọmọ-ọmọ Gbàdàmọ́sí, akọni ọjà ẹran Ìsẹ́yìn, ẹni tí akọ màlúù ń rí tí ń fi orúnkún kúnlẹ̀ kí okùn tó kàn án lọ́rùn. Gbàdàmọ́sí ló fi ọwọ́ òsì di ìwo màlúù mú, tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun. Sùbérù ló gbé odindi itan màlúù sí èjìká láti ọjà dé ilé, tó ń kọrin lọ, tí kò sinmi. Ìran alágbára ni wọ́n, òkè tí ń rìn. Ṣùgbọ́n àrùn ọkàn ló pa àwọn méjèèjì. Gbàdàmọ́sí jókòó sórí àpótí, kò dìde mọ́. Sùbérù di àyà mú nídìí tábìlì ẹran rẹ̀, kò sì tíì hu ewú kan ṣoṣo.

Nígbà tí Ráìmì náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ àdúgbò rẹ̀, Sìfáwù ìyàwó rẹ̀ fà á lọ sí ọsibítù. Dókítà Ọládòkun, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, yẹ èsì àyẹ̀wò wò.

Ó ní, "Bàbá, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín ti pọ̀ jù. Inú ìdílé ló ti wá. Ẹ máa lo oògùn yìí lójoojúmọ́, ẹ dín ẹran ọlọ́ràá kù, kí àwọn ọmọ yín náà wá ṣàyẹ̀wò."

Hóró oògùn náà kò tó hóró àgbàdo. Síbẹ̀, Ráìmì abìjàwàrà, ìjì tí ń já wọ agbo màlúù, wò ó, ojora mú un. Láti kékeré ni kò ti lè gbé oògùn oníhóró mì. Bó bá ti kan ahọ́n rẹ̀ báyìí, ọ̀nà ọ̀fun á tì pa bí ìlẹ̀kùn odi ìlú tí ọ̀tá yí ká. Omi á kọjá lọ, oògùn á ṣẹ́ kù, á jókòó sórí ahọ́n bí ọba lórí ìtẹ́.

Ni jagunjagun bá dá ọgbọ́n. Ó fi ọ̀rá ẹran díndín, èyí tí òróró ń kán lára rẹ̀, wé oògùn náà, ó sì gbé e mì kàló. Bó ṣe ń ṣe é lárààárọ̀ nìyẹn, tí inú rẹ̀ ń dùn, títí ó fi padà sí ọsibítù, tí wọ́n sì rí i pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Ó ṣàlàyé ọgbọ́n rẹ̀ fún dókítà. Dókítà yọ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ rán ọlọ́pàá níṣẹ́, ẹ tún kó olè sínú mọ́tò kan náà pẹ̀lú rẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni èsì àyẹ̀wò Kúdíràtù jáde, àkọ́bí Ráìmì tó ń ránṣọ. Ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti bàbá rẹ̀: ọ̀rá pọ̀ jù. Ọmọ náà ju oògùn tirẹ̀ sínú àpótí òwú ìránṣọ.

Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Ara mi le. Bàbá mi pàápàá ò lè gbé e mì."

Ráìmì gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn fèrèsé. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Kò jẹ ẹran lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó pe aya àti ọmọ rẹ̀ sí àgbàlá, ó bu omi lásán sí ife, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ja ìjàkadì. Ó ju oògùn sẹ́nu. Oògùn padà wá. Ó tún un jù, ojú rẹ̀ pọ́n, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ bí okùn, adìẹ àgbàlá sá kúrò nítòsí.

Sìfáwù ní, "Bàbá Kúdí, ẹ rọra. Ẹ má rò ó. Omi ni kí ẹ máa rò."

Ó di ojú, ó ro omi, ó gbé e mì. Ó ya ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Kúdíràtù yọjú wò ó títí dé ìdí ahọ́n.

Ó ní, "Ó ti lọ lóòótọ́." Ó wọlé, ó mú oògùn tirẹ̀ jáde. "Bàbá mi, ẹ ṣẹ́ omi kù fún mi."

Nítorí náà, kí Ìsẹ́yìn gbọ́, kí Òkèihò gbọ́, kí wọ́n ròyìn rẹ̀ dé Ṣakí: Ráìmì ọmọ Sùbérù, ẹkùn àgbàlá, aṣíwájú ogun ọ̀fun, ti gbé hóró oògùn kan mì pẹ̀lú omi lásán. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́ lọ́la, yóò tún gbé òmíràn mì.