Ọ̀gá Ojú Irin Bẹyẹrúnká

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin tó so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn. Mo yẹ ìwé wò níbi méjì, wọ́n bára mu. Ọ̀gbẹ́ni Ezekiel Ọládiípọ̀ ò tíì dáyé lọ́jọ́ náà. Ìyá tó bí i gan-an ṣì ń rákòrò. Ṣùgbọ́n bó bá ń ròyìn rẹ̀, ẹ ó búra pé òun ló so okùn mọ́ ọkọ̀ náà lọ́rùn, tó fà á wọ ìlú bí ẹni ń fa ewúrẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi í hàn yín dáadáa. Ezekiel, bàbá Olúdayọ̀, kò ṣiṣẹ́ rélùwéè rí. Páàtì kẹ̀kẹ́ ló ń tà nísàlẹ̀ òkè Mápó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wọ ọkọ̀ ojú irin láyé rẹ̀, láti Dùgbẹ̀ dé Òṣogbo, ó sì sùn lọ lójú ọ̀nà. Láti ìgbà tó ti jí ni kò ti jẹ́ kí àwa sùn mọ́.

Ó ra kẹ́pù dúdú kan tí etí rẹ̀ ń dán. Ó ra fèrè. Ó rán àsíá pupa, ó rán àsíá aláwọ̀ ewé. Tọmọdé tàgbà Bẹyẹrúnká ló mọ̀ pé ojú irin ò dé ọ̀dọ̀ wa. Ezekiel nìkan ni kò tíì gbọ́.

Kò sì sí ọ̀rọ̀ ayé tí kò ní fi rélùwéè yanjú.

"Mọ́tò ò níwà," á wí. "Ó lè yà sọ́tùn-ún, ó lè yà sósì. Ohun tó bá lè yà síbi tó wù ú, ẹ má fọkàn tán an."

Tẹlifóònù ńkọ́?

"Ohùn tí ò lójú! Irọ́ ni."

Ìgbéyàwó ńkọ́?

"Ẹ wo irin méjèèjì. Wọn kì í fara kanra, wọn kì í sì í kọra wọn sílẹ̀."

Louisa ìyàwó rẹ̀ máa ń dáhùn láti inú ilé pé apá àkọ́kọ́ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn.

Ẹnì kan tiẹ̀ bi í léèrè lọ́jọ́ kan ìdí tí ọkọ̀ Kánò kì í fi í dé lásìkò. Ó wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Ọkọ̀ kì í pẹ́," ó ní. "Èrò ló ń yára jù."

Bá a ṣe ń bá a yí i nìyẹn títí di oṣù kejì ọdún 1985. Ìjọba ológun ti ní kí gbogbo ènìyàn kọ́ bí a ti ń tò sórí ìlà. Ọ̀gbẹlẹ̀ mú, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló sì ń yọ omi ní àdúgbò wa. Òpin ọ̀nà tóóró kan tó gba àárín ògiri ilé méjì kọjá ló wà. Bí ẹni tó ru garawa bá pàdé ẹni tó ru garawa níbẹ̀, ìjà ni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń pàdé.

Ezekiel dìde, ó fọn fèrè.

"Ọ̀nà kan, ọkọ̀ kan! Ní rélùwéè, níbi tí ojú irin bá ti jẹ́ ẹyọ kan, dírẹ́bà ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ láìgba òrùka irin ńlá lọ́wọ́ sitéṣọ̀n másítà. Òrùka kan ṣoṣo ló sì wà. Báwo ni ọkọ̀ méjì ṣe fẹ́ forí gbárí?"

Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n bí ajá bá wọ ṣòkòtò wá sípàdé, kí àgbà tó yìn ín, kó kọ́kọ́ wo ibi tó fi ìrù pa mọ́ sí.

Ó mú rìmù kẹ̀kẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó yọ gbogbo sípóòkù inú rẹ̀, ó kùn ún lọ́dà pupa. Òrùka dé. Ẹni tó bá fẹ́ pọnmi á fi kọ́rùn, á wọ ọ̀nà lọ, á pọn, á jáde, á fà á lé ẹni tó kàn lọ́wọ́. Ezekiel fi pákó kan géètì sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àga síbẹ̀, ó jókòó ti òfin rẹ̀.

"Ẹni tí òrùka bá wà lọ́rùn rẹ̀, òun ni ọkọ̀. Ì báà jẹ́ ìkókó, ì báà jẹ́ ọba, ẹ dúró kó jáde."

Ohun tí òfin náà ò mẹ́nu bà ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé Ezekiel. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi gan-an ló ṣí sí.

Bí ìlà bá gùn dáadáa báyìí, tí oòrùn mú, Ezekiel á ṣàdédé gba òrùka padà. "Irin ti gbóná!" á kígbe. "Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀." Irin wo? Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọ̀nà náà, erùpẹ̀ pupa. A ó dúró, a ó máa wo erùpẹ̀ kó tutù. Kò ní pẹ́, Louisa á gba iwájú ilé wọn yọ pẹ̀lú ọpọ́n omi yìnyín lórí.

"Omi tútù nini rèé o! Ẹni òùngbẹ ń gbẹ!"

A ó sì rà á. Ọ̀fun ò mọ òfin.

Bí a bá bi í níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń rí omi, Ezekiel á ní kànga ilé òun ni. Kànga yẹn ti gbẹ tipẹ́, pàǹtí ni wọ́n ń dà sí i. Gbogbo wa la fura. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wọlé lọ wò ó láìní òrùka?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ràbíátù, ìyá Àkíbù, tó ń sin àgbò lójúde wọn, sáré dé géètì. Ó ń wẹ̀ lọ́wọ́ ni omi tán, ọṣẹ ń hó lójú rẹ̀ wùrùwùrù.

"Bàbá Olúdayọ̀, ẹ ṣàánú mi! Ọṣẹ ti wọ̀ mí lójú!"

"Ìyá Àkíbù, irin ń tutù."

"Ojú ń ta mí o!"

"Òfin ò lójú."

"Èmi náà ò lójú báyìí! Ẹ jẹ́ kí èmi àti òfin jọ wọlé!"

Ezekiel ò ṣí géètì. Ràbíátù fi etí ìró nu ojú. Kò ṣépè, kò bú u. Ńṣe ló ní kó kọ́ òun ní òfin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí òun má bàa ṣì í mọ́. Inú Ezekiel dùn. Kò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ rí láyé rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti fi Ràbíátù ṣe olùṣọ́ géètì, ó sì kó àsíá méjèèjì lé e lọ́wọ́.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ dé pé ọ̀gá kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì omi. Wọn ó fi àgádágodo sí ẹ̀rọ náà, wọn ó sì fi ẹnì kan ṣe alága tí kọ́kọ́rọ́ yóò máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ yẹn ló ni ọ̀fun gbogbo wa títí òjò yóò fi rọ̀.

Ezekiel ò sùn mọ́. Lọ́jọ́ tí àlejò ń bọ̀, ó fi àrán bo àga, ó gbé òrùka nàró lé e bí adé ọba. Ó wá wò ó pé rìmù lásán ò yẹ kọ́kọ́rọ́. Ló bá já ewé ọ̀dán tútù, ó fi dá a lọ́ṣọ̀ọ́ yíká.

Ìyáàfin Clara Fáléye ló dé, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó wọ awò ojú, kọ́kọ́rọ́ náà ń ṣeré lọ́wọ́ rẹ̀. Ràbíátù ló kí i káàbọ̀, ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín rárá:

"Màdáámù, ẹ wo sitéṣọ̀n másítà wa! Ezekiel Fèrè-ò-dákẹ́! Ọkọ Omi-tútù! A-fi-erùpẹ̀-ṣerin! Ọmọ irin tí ò dé Bẹyẹrúnká!"

Ezekiel rò pé oríkì ni. Ó wú bí búrẹ́dì.

"Màdáámù, bí wọ́n bá fi gáàdì rélùwéè kan sórí Mápó, ìlú yìí á tòrò. Òfin mi ò mojú ẹnìkan. Bí èmi alára bá wọ ọ̀nà yìí láìní òrùka lọ́rùn, ẹ má fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Ṣé ó dá yín lójú, sà?"

"Bí irin ṣe dá ọkọ̀ lójú!"

"Bàbá Olúdayọ̀, àwọn ará ẹ̀yìn ò gbọ́," ni Ràbíátù wí. "Ẹ tún un wí."

Ó tún un wí. Ó fọn fèrè lé e lórí.

Ẹnu fèrè ló wà tí àgbò Ràbíátù fi dé. Àgbò yẹn ò mọ rélùwéè, ewé ọ̀dán ló mọ̀. Ó ti orí bọ àárín òrùka, ó ń jẹ ewé láti inú. Nígbà tó gbé orí sókè, rìmù ti ré ìwo kọjá, ó ti dé ọrùn. Ariwo tí a pa dẹ́rù bà á. Ó fi orí gbá géètì, ó wọ ọ̀nà lọ.

"Ẹ mú un!" Ezekiel kígbe. "Òrùka mi!"

Ràbíátù na àsíá pupa sí i láyà. "Ẹ dúró, sà! Ọkọ̀ wà lójú irin."

"Ọkọ̀ wo? Ṣé àgbò rẹ kọ́ nìyẹn?"

"Ọrùn ta ni òrùka wà?"

Ezekiel wo Ìyáàfin Clara. Ìyáàfin Clara gbé awò ojú rẹ̀ sókè díẹ̀.

"Òfin yín ni, sà."

"Ì báà jẹ́ ìkókó, ì báà jẹ́ ọba!" ni gbogbo wa wí papọ̀, bí ọmọ iléèwé tó ń ka àkọ́sórí.

Ibẹ̀ la wà tí igbe ta nínú ọ̀nà.

"Yéè! Jésù gbà mí o! Bàbá Olúdayọ̀!"

Ohùn Louisa ni. Ẹ sì rántí pé láti àárọ̀ ni òrùka ti wà lórí àrán, tí ẹnikẹ́ni ò tíì pọn ìkòkò kan.

"Háà!" Ràbíátù ju ọwọ́ sókè. "Ọkọ̀ méjì lójú irin kan!"

Ezekiel gbàgbé òfin, ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́, ó fò kọjá àsíá, ó sáré wọ ọ̀nà lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àgbò ti dí Louisa lọ́nà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìta lòun náà ń sá bọ̀, ọpọ́n omi lórí. Ìdajì ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé. Gbàmù! Ọpọ́n dojú dé Ezekiel. Kẹ́pù bá omi lọ. Tọkọtaya há sáàárín ògiri méjì, wọn ò lè lọ síwájú, wọn ò lè yà.

Àgbò tẹ orí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n.

Bí wọ́n ṣe jáde sí wa nìyẹn: Ezekiel ń fẹ̀yìn rìn níwájú, Louisa tẹ̀ lé e, injínì oníwo lẹ́yìn, ó ń mí fùkẹ̀fùkẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, rélùwéè dé Bẹyẹrúnká.

Ràbíátù gbé àsíá aláwọ̀ ewé sókè. A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá.

"Màdáámù," ni Ezekiel wí, omi ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀, "ní rélùwéè, irú nǹkan báyìí..."

Kò rí i parí. Àgbò ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síwájú àga, òrùka lọ́rùn, ó dúró ṣánṣán níwájú àrán, ó ń jẹ ewé tó ṣẹ́ kù.

Ìyáàfin Clara wo ọkùnrin tó tutù bí ẹyẹ tí òjò pa. Ó wo àgbò. Ó bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rín ò jẹ́ ká gbọ́ ọ. Ó na kọ́kọ́rọ́ sókè, ó tún un bi wá:

"Ẹ̀yin ará, mo ní èwo nínú àwọn méjèèjì ni sitéṣọ̀n másítà?"