Ẹ̀rọ Tó Ń Bá Bàbá Ìyàwó Ṣe Orin

Ọ̀la ni ìgbéyàwó. Bàbá ìyàwó, télọ̀ tí kò fọwọ́ kan dùùrù rí títí di oṣù tó kọjá, ló lérí pé òun lòun máa tẹ orin tí ọmọ òun kan ṣoṣo máa fi rìn wọlé. Ẹ̀rọ olóye inú fóònù rẹ̀ ló kọ́ ọ, òun náà ló sì ń bá a lùlù sí i. Ìyàwó rẹ̀ yọjú sí yàrá ìránṣọ, níbi tó ti ń fa orin náà jẹ́jẹ́.

"Bàbá ìyàwó, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Orin ìyàwó la ń ṣe."

"Orin ìyàwó rèé? Tọ́mọ bá fi èyí rìn, kó tó dọ́dọ̀ ọkọ, ọkọ á ti hewú!"

"Kì í ṣe ẹjọ́ mi. Ó ti rẹ ẹ̀rọ yìí ni. Àtàárọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo wá ń rọra, kó lè bá mi."

"Ó rẹ ẹ̀rọ?"

"Àgbà kì í sáré fi ẹni tí wọ́n jọ ń rìn sílẹ̀."

(Ó tẹ dùùrù lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ìlù inú fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, òun náà dúró.)

"Ṣó o rí i? Ó ń mí."

"Mí kẹ̀? Ẹ̀yin ni wọ́n ní kó máa tẹ̀ lé! Ẹ bá sáré, á sáré. Ẹ ń dúró dè é, ó ń dúró dè yín. Ẹ ti bọ̀wọ̀ fúnra yín títí orin fi sùn lọ!"

"Háà! Ọmọlúwàbí ni ẹ̀rọ yìí o."

"Ẹ máa bá àtẹ́wọ́ mi lọ. Ó yá!"

(Ó pàtẹ́wọ́. Orin ta jí, ìlù gbà á, ìyá ìyàwó ju èjìká. Kò pẹ́, orin tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà.)

"Ó tún ti rẹ̀ ẹ́ ni?"

(Bàbá ń wo aṣọ ìyàwó tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, tó gbé kọ́ sára ògiri.)

"Ibi tórin dé yẹn lọmọ wa ti máa dé iwájú ọkọ. Tórin bá parí, ó ti lọ nìyẹn."

"Ẹn-ẹ́n! Ẹ̀rọ ò kúkú mọwọ́mẹsẹ̀."

"Ilé yìí á dákẹ́ jù, ìyá ìyàwó. Ó ń dùn mí."

"Ó ń dùn mí náà." (Ó jókòó tì í.) "Àmọ́ ẹ wo ojú fèrèsé. Ilé ta nìyẹn lódìkejì títì?"

"Ilé àwọn ọkọ rẹ̀."

"Ẹ tẹ orin jàre! Kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yin àti ẹ̀rọ yín lẹ máa jọ wá orin tá a máa fi lé e padà sílé ọkọ!"