Itan Òbúkọ Lọ́jà

Òbúkọ Lọ́jà, olórí abúlé kan lẹ́yìn Iperindo, sọnù. Lọ́jà ní kí Adétọ́lá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, bá òun wádìí rẹ̀. Tíṣà bá Elisha, àgbẹ̀ kan, níbi tó ti ń bó obì lábẹ́ igi. Òwú àti ike kékeré wà lọ́wọ́ Tíṣà. Orí ilẹ̀ Lọ́jà ni Elisha ti ń dáko. Bí Lọ́jà bá lé e, kò níbi tó máa lọ.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé ẹ fẹ́ tọ́jú egbò ni?"

"Rárá. Àdá rẹ ni mo fẹ́ fi òwú yìí nù. Bí ẹ̀jẹ̀ òbúkọ bá ti kàn án rí, DNA á wà níbẹ̀."

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà? Mi ò mọ̀ ọ́n lábúlé yìí."

Tíṣà mí kanlẹ̀. Ó ṣàlàyé pé DNA kì í ṣe èèyàn. Àmì ìran ni, tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, irun, itọ́ àti egungun. Ti òbúkọ kan kì í sì í bá ti èkejì dọ́gba. Àwọn tó ní ẹ̀rọ l'Óṣogbo á yẹ òwú náà wò, òkodoro á sì jáde.

"Bí ẹran bá kú, òun náà kì í kú ni?"

"Ó máa ń pẹ́. Nílẹ̀ òtútù tí omi ti ń dì gbagidi, wọ́n ti rí ti ẹranko tó kú láti ohun tó ju mílíọ̀nù ọdún lọ."

Elisha gbójú sókè. "Ooru la ní níhìn-ín, sà."

"O gbìyànjú. Ooru ń bà á jẹ́, oòrùn náà ń bà á jẹ́. Nínú omi odò, kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ síbi ìbòòji lè wà níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ."

Elisha rọra fẹsẹ̀ ti àdá rẹ̀ kúrò lábẹ́ igi, ó di inú oòrùn.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń sá a ni, sà."

"A kì í sá àdá, Elisha. Kòkó là ń sá."

"Bí wọ́n bá wi irun ẹran náà, tí wọ́n sì sè é lata ńkọ́?"

"Iná á run ti irun. Ata ò lè ṣe DNA ní nǹkan kan. Ta ló wi òbúkọ tí ò ń sọ yìí?"

Elisha dọ̀bálẹ̀. Ó ní inú kòtò àwọn tó ń wa góòlù lòun ti rí i, tó dá lẹ́sẹ̀, tó ń kú lọ, lòun bá dúńbú rẹ̀ kó má baà ṣòfò. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kóun sọ.

"Lọ́jà gbọ́dọ̀ gbọ́," ni Tíṣà wí. "Gbogbo ẹni tó bá fẹnu kàn án ló jẹ̀bi."

"Nínú ikùn èèyàn ńkọ́, sà? Ó ń pẹ́ níbẹ̀?"

"Ikùn ń lọ̀ ọ́, àmọ́ wọ́n ṣì lè rí i nínú ìgbẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kí ló dé?"

"Ẹ má bínú, sà. A kì í pa ẹran níhìn-ín ká má gbé itan fún àgbà àdúgbò. Itan tí mo gbé wá fún yín lánàá, tí ẹ ní ó rọ̀ bí ẹ̀wà..."

Tíṣà wo òwú, ó wo ike. Ó wá fi òwú náà nu etí rẹ̀.

"Kòtò ló pa òbúkọ," ló wí. "Bí màá ṣe sọ fún Lọ́jà nìyẹn."

"DNA tó ń lo mílíọ̀nù ọdún wá ńkọ́, sà?"

"Ilẹ̀ òtútù ni mo wí. O kì í fetí sílẹ̀." Ó ti ń lọ kó tó yíjú padà. "Àti àdá yẹn, dojú rẹ̀ délẹ̀. Oòrùn ò tíì kan ẹ̀yìn rẹ̀."