Ọmọ Abómiṣeré Nínú Ọkọ̀ Tòpò

Bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò lè gbàgbé àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Tòpò.

Kí n tó di ẹni tí ń bá èèyàn wá ìdílé kiri Àgbádárìgì, kámẹ́rà ni mo ń gbé. Mo máa ń ya fíìmù àwọn àgbà, kí wọ́n sọ bí ayé wọn ṣe rí. Nígbà tó yá, àwọn àgbà náà ń kú, àwọn ọmọ wọn wá ń wá bá mi: "Bùọ̀dá, kí ni bàbá wa tiẹ̀ sọ nípa ilé wa?" Bí mo ṣe bọ́ sídìí iṣẹ́ ìdílé nìyẹn. Ilé ta ni mi ò mọ̀ láti Àrádágún dé Ìjànikin? Ilé ìyá tèmi nìkan ni. Tòpò ni wọ́n ti gbé e níyàwó, omi sì wà láàárín èmi àti Tòpò. Ẹ̀rù omi ń bà mí débi pé bí omi òjò bá dúró lágbàlá, ojú fèrèsé ni mo ti ń kí aládùúgbò.

Sẹ̀nami, ọmọbìnrin kan tó ń múra àtilọ sílé ọkọ, ló fà mí jáde. Hùnsù bàbá rẹ̀, apẹja ará Tòpò, kú nígbà tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀, ìyá náà sì kó kúrò níbẹ̀. Ìdána wá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn àna ní àfi kí ará ilé bàbá rẹ̀ fà á lé àwọn lọ́wọ́.

"Bùọ̀dá, ẹ bá mi wá wọn," ó ní. "Ṣé bí ẹni tó hù lábẹ́ igi ni n ó ṣe lọ sílé ọkọ ni?"

Mo wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, mo tún wọ òmíràn lé e. Mo so kámẹ́rà mọ́ àyà, mo tàn án, kí n lè jọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Mo dijú, mo gbàdúrà títí. Mo ní, "Ṣé a ti dé?"

Atukọ̀ ní, "Ọ̀gá, a ò tíì tú okùn ọkọ̀."

Nígbà tó tú u, ìgbì kan gbé wa sókè. Mo dì mọ́ ìyá arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, agbọ̀n tòmátì rẹ̀ sì dà sí gbogbo èèyàn lẹ́sẹ̀.

"Fi ìró mi sílẹ̀," ó ní. "Ọkọ mi ti kú, mi ò sì wá òmíràn."

Ìgbì kejì dé. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe àdúrà. Oríkì tí ìyá mi fi máa ń jí mi lówùúrọ̀ ni, tó bá ń fi etí ìró nu ojú mi. Ègùn ló fi ń kì mí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni: "Ọmọ a-bómi-ṣeré-bí-ẹni-bọ́mọ-ṣeré." Èmi náà rèé, ẹ̀wù méjì lọ́rùn, tí mò ń pariwo pé mò ń bómi ṣeré. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì, ìyẹn náà sì tún dá kún ẹ̀rù mi.

Ìyá yẹn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra bá mi parí ẹ̀: "Ọmọ a-sùn-sínú-ọkọ̀-má-rì." Ó wò mí. "Ta ló ń kì ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá mi ni, mà. Wọ́n ti kú."

"Ta lo ń wá lọ sí Tòpò?"

"Àwọn ará ilé Hùnsù apẹja."

"Àbúrò mi ni Hùnsù. Oríkì tó wà lẹ́nu ẹ yẹn, ilé wa nìkan ló ni ín." Ó béèrè orúkọ ìyá mi, mo dá a lóhùn. Ó mi orí. "Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti bàbá wa." Ó wá fi etí ìró tí mo fẹ́ẹ̀ fà ya nu ojú mi.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Sẹ̀nami. Ó ní, "Tòpò la ó ti fà á fún ọkọ. Àwọn ọkùnrin ilé ti lọ pẹja ní Kùtọnù, ọmọ ọmọbìnrin ilé sì ni ọ́. Ìwọ lo máa jókòó sípò Hùnsù."

Ìyẹn ni pé mo tún máa wọkọ̀. Lọ́jọ́ ìdána, ìyàwó ló di èmi bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú títí dé èbúté. "Ẹ lajú, Bàbá," ó ní, "a ti dé." Mo la ẹyọ kan ná.

Nínú gbogbo fíìmù tí mo yà, ti ọkọ̀ yẹn nìkan ni ẹbí ń ní kí n gbé wá. Orúnkún mi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àti ariwo. Mo ti kọ́ ọ pé ohun téèyàn ń sá fún lè jẹ́ pé òun gan-an ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù méjèèjì ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi.